Kọ́tìnì Tàbí Ilẹ̀kùn Gíláàsì: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Ìwẹ̀ Inú Ilé

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n nínú ilé ìwẹ̀, ilẹ̀ tútù gan-an ni ọ̀tá arúgbó. Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ìjàǹbá kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé èmi tìkára mi ní ìlú Ìlọrin, ní ìgbà òjò tí ó kọjá, àti àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e láàárín èmi àti àwọn ará ilé mi. Mo gbà pé irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń kọ́ ilé ìwẹ̀ sínú ilé nísinsìnyí, tí wọ́n sì ń fi ṣáwà sí i.

Ìyá mi, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ó ń wẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì rọ́bà tí a ta sí ẹnu ibi ṣáwà. Bí ó ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó na ọwọ́, ó di kọ́tìnì mú. Kọ́tìnì kò lè gbé e; ọ̀pá rẹ̀ já kúrò lára ògiri, àti Ìyá, àti kọ́tìnì, àti ọ̀pá, gbogbo wọn wó lulẹ̀ pọ̀. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A dúpẹ́ pé eegun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ wú, fún ọ̀sẹ̀ méjì kò sì lè jókòó láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀.

Àkọ́bí wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Abuja gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí lórí fóònù, ó wí pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ kọ́tìnì yẹn dànù. Mo ń fi owó ránṣẹ́ lọ́la, kí wọ́n bá wa fi ilẹ̀kùn gíláàsì sí i. Kọ́tìnì ni ó gbé Ìyá àgbà ṣubú." Ìyàwó mi gbọ́, ó wí pé, "Gíláàsì? Nínú ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ ti ń sáré kiri yìí?" Ìyá fúnra rẹ̀ ké sí mi láti orí ibùsùn pé, "Àjàní, fún mi ní garawa mi, kí n máa lọ wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀." Lọ́nà báyìí ni ìmọ̀ràn mẹ́ta fi wà nínú ilé kan, èmi tí mo jẹ́ baálé sì dúró láàárín wọn.

Ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò

Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà àgbà kan tí ó ti kọ́ ilé púpọ̀ nínú ìlú wa. Kò wo kọ́tìnì rárá. Ó gbé garawa omi kan, ó dà á sí ilẹ̀ balùwẹ̀, ó sì dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ omi ṣì wà ní igun kan, ó ń dán bí dígí. Ó fi ẹsẹ̀ ra ibẹ̀, ó yíjú sí mi, ó sì wí pé, "Olùkọ́, kì í ṣe kọ́tìnì ni ó gbé Ìyá ṣubú o. Ilẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní háà, nítorí òtítọ́ ni. Táìlì dídán tí a ṣe fún ògiri ni a ti tẹ́ sí ilẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ ilé, nítorí pé ó dára lójú. Ilẹ̀ náà kò sì dà sí ibi ihò tí omi ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ni omi ọṣẹ ń dúró níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ará ìgbàanì gbọ́n jù wá nínú ọ̀ràn yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọn a máa to àpáàdì ní ìdúró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láti fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà wọn. A ṣì ń rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà di òní. Ó le, kì í di ẹrẹ̀ nígbà òjò, ẹsẹ̀ kì í sì í yọ̀ lórí rẹ̀ bí ó ti ń yọ̀ lórí ohun dídán.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ọ̀rọ̀ ìṣubú sí ohun kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa ní ọdún kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ayé, àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Yorùbá wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n arúgbó tí ó bá ṣubú nínú balùwẹ̀ lè má dìde mọ́ láti wo ibì kankan.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ kọ́tìnì tàbí gíláàsì, nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí onílé kí ó ṣe. Ekínní, kí ilẹ̀ kí ó dà sí ojú ihò omi: bí ibi ìwẹ̀ bá gùn tó mítà kan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó fi nǹkan bí sẹ̀ńtímítà méjì rẹlẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ. Ekéjì, kí a lo táìlì tí ojú rẹ̀ kò dán, tàbí táìlì kéékèèké tí oríkèé wọn pọ̀, nítorí oríkèé wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ fi ń rí ohun dì mú. Bí kò bá sí owó táìlì, sìmẹ́ńtì tí a fi ìgbálẹ̀ fà lójú kí ó tó gbẹ ti tó. Ẹkẹta, kí a kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, ní nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 85 sí 90 láti ilẹ̀, kí ó nípọn tó èyí tí ọwọ́ arúgbó lè ká. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: búlọ́ọ̀kù ilé wa a máa ní ihò nínú, irin tí a bá sì kàn mọ́ ibi tí ó ṣófo yóò já ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ jù. Kí bíríkìlà kí ó kọ́kọ́ fi kọnkéré dí ihò náà, kí ó gbẹ dáadáa, kí a tó kàn án.

Ohun tí ó dára àti ohun tí kò dára lára kọ́tìnì

Àwa ará Ìlọrin mọ aṣọ, nítorí ìlú tí a ti ń hun òfì ni ìlú wa. Ṣùgbọ́n aṣọ òwú kì í ṣe ohun tí a ń ta sí ojú omi. Yóò fa omi mu, yóò sì jẹrà. Kọ́tìnì ibi ìwẹ̀ tí ó pọ̀ jù lọ́jà, rọ́bà rírọ̀ ni. Ní ọdún 1926, Waldo Semon, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ń wá àtè tí yóò lẹ rọ́bà mọ́ irin, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí ni bí a ti í sọ PVC líle di ohun tí ó rọ̀ bí awọ tí omi kì í sì í là kọjá. Láti ara irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a ti rí kọ́tìnì ìwẹ̀ òde òní.

Ìwà rere rẹ̀ pọ̀. Owó rẹ̀ kéré. Owó ilẹ̀kùn gíláàsì kan yóò ra kọ́tìnì tí ilé kan yóò lò fún ọdún púpọ̀. Onílé lè ta á fúnra rẹ̀. Bí ó bá bọ́ lu ènìyàn, kò ní gé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí arúgbó tàbí aláìsàn bá ń wẹ̀, ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́ lè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pátápátá, kí ó gbé àpótí ìjókòó wọlé, kí ó sì wẹ̀ ẹ́ láìsí ìdíwọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù. A máa lẹ̀ mọ́ ara ẹni tí ń wẹ̀. Ní ìgbà òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù tí ohunkóhun kì í tètè gbẹ, ohun dúdú kan a máa hù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń hù sí ara búrẹ́dì tí ó ti bu, kò sì dára fún ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí a bá wẹ̀ tán, kí a fa kọ́tìnì náà tẹ́ gbalaja kí ó lè gbẹ. Kí a má ṣe ká a jọ sí igun kan. Kí fèrèsé balùwẹ̀ kí ó máa wà ní ṣíṣí. Ní oṣooṣù kí a tú u sílẹ̀, kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a sì sá a.

Èyí ni ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà gbé: kọ́tìnì kì í ṣe ohun ìdìmú. Kí a kọ́ tọmọdé tàgbà nínú ilé pé irin ara ògiri ni a ń dì mú, kì í ṣe kọ́tìnì tàbí ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá tí a kàn fún mọ́ àárín ògiri méjì láìsí ìṣó tí ó mú un, kò tó gbé ju kọ́tìnì fúnra rẹ̀ lọ. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ilé tèmi.

Ohun tí ó dára àti ohun tí kò dára lára gíláàsì

Gíláàsì kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí i pé àwọn baba ńlá wa ń yọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, kí àwọn Òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Àwọn alágbẹ̀dẹ gíláàsì Bídà, ní ilẹ̀ Nupe tí kò jìnnà sí wa, a máa yọ́ ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ilẹ̀kùn gíláàsì lẹ́wà, kì í jẹrà, kì í lẹ̀ mọ́ ara, omi kì í sì í fò kọjá rẹ̀. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, yóò pẹ́ ju ogún kọ́tìnì lọ.

Ṣùgbọ́n irú gíláàsì méjì ni ó wà, ìyàtọ̀ wọn sì ni ìyàtọ̀ ìyè àti ikú. Gíláàsì lásán, irú èyí tí a ń fi sí fèrèsé, bí ó bá fọ́, ègé gígùn bí ọ̀bẹ ni í fọ́ sí. Èkejì ni èyí tí a fi iná le: a ó mú un gbóná ju ìwọ̀n 600 Selsíọ́ọ̀sì lọ, a ó sì fi afẹ́fẹ́ mú ojú rẹ̀ tutù lójijì. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, bí ó bá sì fọ́, wóró kéékèèké bí àgbàdo ni í fọ́ sí. Láti ọdún 1977 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é pé gíláàsì ilẹ̀kùn ibi ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí kì í ṣe ènìyàn léṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá fọ́.

Ní àdúgbò wa, ẹnì kan ra ilẹ̀kùn lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó fi dá a lójú pé gíláàsì líle ni. Ní ọjọ́ kan ọmọ rẹ̀ gbé garawa wọlé, etí garawa kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì wó lulẹ̀ ní ègé-ègé. Dókítà ni ó rán ẹsẹ̀ ọmọ náà. Gíláàsì lásán ni wọ́n tà fún un.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Wo igun gíláàsì náà. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe èyí tí a fi iná le a máa tẹ àmì kékeré sí i, tí kì í parẹ́. Bí kò bá sí àmì, má ṣe rà á. Bí oníṣẹ́ bá sì wí pé òun yóò gé e wọ̀n fún ọ nígbà tí ó bá dé ilé, mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí a fi iná le, nítorí a kò lè gé irú gíláàsì náà mọ́ lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú iná. Yóò fọ́ túútúú ni. Nítorí náà, tẹ́ táìlì tán kí o tó wọn ẹnu ọ̀nà, kí o sì ránṣẹ́ ìwọ̀n náà sí ilé iṣẹ́.

Kí a rántí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 70, tí ó ga ní 190, tí ó sì nípọn ní mílímítà 8, yóò wọn nǹkan bí kílò 27. Ìyẹn ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Ògiri tí kò lágbára kò lè gbé e. Kí ó máa ṣí sí òde, kì í ṣe sínú, nítorí bí ènìyàn bá ṣubú sínú, ara rẹ̀ yóò dí ilẹ̀kùn, a kì yóò sì lè wọlé gbà á là.

Omi kànga àti ìgbà ọyẹ́

Orí àpáta ni ìlú Ìlọrin wà. Bí ẹ̀rọ omi tí ń ti odò Asà wá kò bá sáré, kànga ni púpọ̀ nínú wa ń gbójú lé, omi tí ó sì ti inú àpáta wá lè ní ohun bí ẹfun nínú. Ohun náà àti ọṣẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá pàdé, èérí funfun ni wọ́n ń bí, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì títí yóò fi dàbí ojú tí ó ní ìpẹ́. Bí o bá fẹ́ mọ irú omi rẹ, mú ìgò méjì: bu omi òjò sí ọ̀kan, bu omi kànga rẹ sí èkejì ní ìwọ̀n kan náà, gé ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sí wọn, kí o sì mì wọ́n. Omi òjò yóò hó. Bí ti kànga kò bá hó dáadáa, tí ó sì funfun bí omi ògì, mọ̀ pé ilẹ̀kùn gíláàsì yóò di iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ọ. Ìwọ yóò máa nù ún gbẹ lẹ́yìn gbogbo ìwẹ̀, ìwọ yóò sì máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan pa á lára.

Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku a máa wọ inú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí gíláàsì onífífà ń gbà, yóò sì po mọ́ omi ọṣẹ, títí ilẹ̀kùn kì yóò fi lọ, kì yóò sì bọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ kan náà ni kọ́tìnì ń gbẹ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ní ìgbà tirẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin wa tí ń fọ balùwẹ̀: ẹ má ṣe da Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ omi ọsàn, tàbí ọtí kíkan, tàbí oògùn ìfọlé mìíràn. Èéfín tí yóò ti ibẹ̀ jáde a máa ta ojú, a máa dí èémí, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.

Fún àgbẹ̀, omi ìwẹ̀ kò yẹ kí ó ṣòfò. Kí a la ojú àgbàrá fún un lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn omi, yóò sì mu ún, ẹ̀fọn kì yóò sì rí adágún pamọ sí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe darí rẹ̀ sí orí ẹ̀fọ́, kí a má sì ṣe da omi tí Hypo wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí a ṣe

Mo kọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé, mo sì ka á sí etí ọmọ mi lórí fóònù. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, nítorí ó fẹ́ kí ìyá àgbà rẹ̀ kí ó gbádùn ohun tí ó dára jù. Mo wí fún un pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àti pé ohun tí ó dára jù fún ẹni ọgbọ̀n ọdún lè má dára fún ẹni ọgọ́rin. Ó gbà pé kí a ṣe owó náà bí mo ti rí i pé ó yẹ.

A wú táìlì dídán náà kúrò. Bíríkìlà tún ilẹ̀ tẹ́, ó dà á sí ojú ihò, ó sì fi táìlì tí ojú rẹ̀ kò dán sí i. A kan irin ìdìmú méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ṣáwà, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà. A ra àpótí ìjókòó tí kì í yọ̀, a ta kọ́tìnì tuntun sórí ọ̀pá tí a kàn mọ́ ògiri, a sì fi èyí tí ó kù nínú owó náà ra táǹkì omi. Nígbà tí ó parí, bíríkìlà tún gbé garawa omi, ó dà á sílẹ̀. Kí a tó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́.

Ìyá ń wẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ó ṣì ń ráhùn pé kọ́tìnì náà ń lẹ̀ mọ́ òun lára, ó sì ń wí pé ẹ̀yìnkùlé ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ìró òrùka ọwọ́ rẹ̀ lára irin nígbà tí ó bá ń jáde, ọkàn mi a sì balẹ̀. Ní ti ọmọ mi, ó wí pé gíláàsì ni òun yóò fi sí ilé òun fúnra òun. Èmi kò dá a lẹ́kun. Kò sí arúgbó níbẹ̀, omi rẹ̀ rọ̀, ó sì ní ọwọ́ tí yóò fi máa nù ún. Mo kàn wí fún un pé kí ó wo igun rẹ̀ fún àmì.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá ń fi garawa wẹ̀, ẹ kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ògiri kékeré àti ilẹ̀ tí ó dà ti tó. Bí arúgbó, ọmọdé tàbí aláìsàn bá wà nínú ilé, kọ́tìnì ni kí ẹ yàn. Bí omi yín bá le, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa nu gíláàsì, kọ́tìnì náà ni. Bí ẹ bá ní owó, àti omi tí ó rọ̀, àti ògiri tí ó lágbára, ẹ lè fi ilẹ̀kùn gíláàsì sí i, bí ó bá jẹ́ èyí tí a fi iná le. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ́kọ́ da garawa omi kan sí ilẹ̀, kí ẹ sì dúró wò ó.